Epo Wo Ló Yẹ Peugeot 504 Tó Ti Dàgbà?

Ìbéèrè: Bàbá mi fi Peugeot 504 kan sílẹ̀, 1978 ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta tí a kò ti tan án nílé wa l'Ọ́fà. Nígbà tí a ra bátìrì tuntun, ó jí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń gòkè lọ sí Òmù-Àrán, bí mo bá ti tẹ iná báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Lọ́sàn-án gangan ó tún máa ń kú sínú gòsílóò ní Ìlọrin, kì í sì í jí àfi tó bá tutù. Mẹkáníìkì kan ní epo ayé ìsinsìnyí kò ní òjé mọ́, kí n máa da ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì díẹ̀ sínú táǹkì. Ẹlòmíràn ní káńfọ̀ ni kí n máa jù sí i. Ẹ jọ̀ọ́, epo wo ni kí n máa rà?

Ìdáhùn: Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ sì kú ìtọ́jú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Epo bẹntiróò tí gbogbo ilé epo ń tà náà ni kí ẹ máa rà, kó ṣáà ti jẹ́ tuntun, kó sì mọ́. Ẹ má da ọ́ìlì sí i, ẹ má ju káńfọ̀ sí i. Ariwo orí òkè yẹn àti kíkú ọ̀sán yẹn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fà wọ́n, ara ọkọ̀ sì ni a ó ti tún méjèèjì ṣe.

Ohun kan wà tí ẹ kò mẹ́nu bà, òun ló sì kọ́kọ́ ká wa lára. Ẹ ra bátìrì, ọkọ̀ jí, ẹ wà á jáde. Epo tó ti wà nínú táǹkì láti ọdún mẹ́ta ńkọ́? Bẹntiróò kì í ṣe ohun tí à ń fi pamọ́ bí oyin. Láàrin oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, apá tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè jí, á ti fò lọ. Ìyókù á máa dàgbà, á máa ki, á sì di ohun kan tó ń lẹ̀ bí oje igi mọ́ ojú jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá kàn da epo tuntun lé e lórí, ẹ ti ba epo tuntun jẹ́ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí iná kankan má sí nítòsí, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró tì yín pẹ̀lú sìgá. Ẹ fa gbogbo epo àtijọ́ jáde pẹ̀lú pọ́ǹpù ọwọ́. Ẹ má fi ẹnu fà á, torí bẹntiróò tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn. Ẹ má dà á sí gọ́tà, ẹ má sì dà á sí ẹ̀yìnkùlé tó súnmọ́ kànga. Ẹ da lítà 5 epo tuntun sí táǹkì, ẹ mi ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, ẹ tún fa ìyẹn náà jáde sínú ike funfun kí ẹ lè rí ohun tó bá a wá. Bí ìpáàtà pupa bá ń rọ̀ sílẹ̀, táǹkì ti dípẹtà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ fọ̀ ọ́ ní àfọ̀tán. Lẹ́yìn náà ẹ tú kábúrétọ̀. Ẹ fi oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ fọ àwọn jẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Wáyà kọ́ ni kí ẹ fi tọ́ ọ. Idẹ rírọ̀ ni jẹ́ẹ̀tì, wáyà á fẹ ihò rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ títí ayé rẹ̀. Ẹ fi fítà tuntun sáàrin táǹkì àti pọ́ǹpù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn kìlómítà 100 àkọ́kọ́, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀ ní 500.

Ẹ fa géèjì ọ́ìlì yọ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Awọ rọ́bà tó wà nínú pọ́ǹpù epo máa ń ya bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀, epo á sì máa kán sínú ọ́ìlì láìsí ẹni tó rí i. Bí ọ́ìlì bá ga ju àmì òkè lọ, tó sì ń rùn bẹntiróò, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ awọ náà àti gbogbo ọ́ìlì. Ẹ pààrọ̀ ọ́ọ̀sì epo pẹ̀lú, ojúlówó ọ́ọ̀sì bẹntiróò ni kí ẹ béèrè. Rọ́bà funfun tí bíríkìlà fi ń wọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì, tí àwọn mẹkáníìkì kan máa ń kì bọ̀ ọ́, kò yẹ níbẹ̀ rárá: á le, á sán, epo á sì máa jò sórí salẹ́ńsà gbígbóná.

Ó kan ọ̀rọ̀ irú epo. Lókè òkun, ẹni tó ní ọkọ̀ àtijọ́ lè dúró níwájú pọ́ǹpù kó máa yan láàrin 95 àti 98. Lọ́dọ̀ tiwa, láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, irú bẹntiróò kan náà ni à ń bá nílé epo, 91 sì ni òǹkà ọ́kítéènì tí ìlànà Nàìjíríà ní kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí. Òǹkà yìí kì í ṣe ìwọ̀n agbára. Ohun tó ń sọ ni bí epo ṣe lè fara da kí písítìnì fún un pọ̀ kó má gbiná fúnra rẹ̀ kí iná púlọ́ọ̀gì tó kàn án. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń fún epo pọ̀ tó ni òǹkà tó nílò ṣe máa ga tó. Ẹ́ńjìnnì 504 tó ń lo kábúrétọ̀ ń fún un ní ìlọ́po 7.5 sí nǹkan bíi 8.8, àwọn píkáàpù ló sì máa ń wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé ń fún un ju ìlọ́po 10 lọ, epo kan náà ni wọ́n sì ń mu. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti ṣọ́ra: bí wọ́n bá ti fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jó, àyè inú rẹ̀ ti kéré, ìfúnpọ̀ ti ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn díẹ̀ lè dá a padà. Ẹ bi ẹni tó mọ ìtàn ẹ́ńjìnnì náà.

Ní ti òjé, mẹkáníìkì yín kò parọ́, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló ń bá wí. Ní 1921 ni Thomas Midgley, tó ń ṣiṣẹ́ fún General Motors ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí wọ́n bá po òjé mọ́ epo, ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ ariwo. Májèlé sì ni, ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù. Ní oṣù kẹfà 2001, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà fẹnu kò ní Dakar pé kó kúrò nínú epo, nígbà tí 2006 sì fi wọlé, ó ti kúrò. Algeria ló kẹ́yìn lágbàáyé, ní 2021.

Yàtọ̀ sí ariwo, òjé ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ó máa ń lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ síìtì tí fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde, ń jókòó lé, kí irin gbígbóná méjì má baà máa ha ara wọn. Bí kò bá sí mọ́, síìtì tó rọ̀ á máa jẹ, fáàfù salẹ́ńsà á sì máa rì wọnú. Ọkọ̀ tí èyí ń bá jà ni èyí tí tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ jẹ́ irin látòkè délẹ̀, tí wọ́n gé síìtì sára irin náà gan-an, bíi Morris Minor àti Ford Cortina. Alumí ni ti 504 yín, bẹ́ẹ̀ náà ni ti 404 àti ti Volkswagen ìjàpá. Alumí rọ̀ jù láti fi ṣe síìtì, nítorí náà láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti tẹ òrùka irin líle sí i, òrùka yẹn ló sì ń gba ìyà náà.

Ẹ kò ní láti gbà á gbọ́ lẹ́nu wa. Ẹ́ńjìnnì yín fúnra rẹ̀ á sọ ọ́. Nígbà tó bá tutù pátápátá, ẹ fi fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí à ń fi wọn àyè, ṣe àyè tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àyè orí fáàfù: 0.10 mm fún fáàfù tó ń gba epo wọlé, 0.25 mm fún ti salẹ́ńsà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú òǹkà kìlómítà ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn kìlómítà 3,000 ẹ tún wọ̀n ọ́n. Fáàfù tó bá ń rì, àyè rẹ̀ á máa dín kù ni: 0.25 á di 0.20, á di 0.12, títí fáàfù kò fi ní lè pa dé mọ́ tí ojú rẹ̀ á jóná. Bí òǹkà bá dúró sójú kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òjé sùn.

Ariwo orí òkè wá. Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Bó bá dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń mi ìṣó nínú agolo mílíìkì, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ iná tí ọkọ̀ sì ń rìn jẹ́jẹ́ nínú jíà gíga nìkan ló ń dún, tó sì dákẹ́ bí ẹ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, epo ló ń gbiná ṣáájú àkókò. Ṣùgbọ́n bó bá wúwo, tó ń dún gbì, gbì, gbì nísàlẹ̀, kódà nígbà tí ọkọ̀ dúró, bíárínì ti jẹ nìyẹn. Ẹ pa á, kí ẹ wọ́ ọ lọ sílé mẹkáníìkì.

Táímínì, ìyẹn àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ṣẹ́, la máa ń kọ́kọ́ fura sí nínú irú ọkọ̀ yìí, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ayé epo olójèé ni wọ́n ti yí i síwájú, tí kò sì sẹ́ni tó dá a padà. Ẹ má tíì fọwọ́ kan dísíríbútọ̀ tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì. Ẹ kọ́kọ́ tún kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ṣe sí 0.4 mm, torí bí àyè rẹ̀ bá yí, táímínì náà ti yí. Ẹ ṣe àyè ẹnu púlọ́ọ̀gì sí 0.6 mm. Lẹ́yìn náà ẹ fi ẹfun fa ìlà kan láti ara dísíríbútọ̀ dé ara ẹ́ńjìnnì kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ti kúrò. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì rẹ̀. Apá ibi tí rótọ̀ inú rẹ̀ ń yí sí ni kí ẹ yí ìdí rẹ̀ sí, kí iná lè pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́. Díẹ̀ ni a wí: kí ojú ìlà ẹfun yẹ̀ bíi mílímítà kan. Dìgírì 1 lára dísíríbútọ̀ jẹ́ 2 lára ẹ́ńjìnnì, nítorí náà mílímítà yẹn ti tó nǹkan bíi dìgírì 3. Ẹ fún un, kí ẹ padà sórí òkè kan náà, jíà kan náà, eré kan náà. Bí ariwo bá ti lọ, ẹ dúró síbẹ̀. Bó bá ku díẹ̀, ẹ tún yí i ní ìdajì. Ẹ má yí i títí lọ: iná tó bá pẹ́ jù á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó wúwo lórí òkè, kí fáàfù salẹ́ńsà sì jó, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ.

Bó bá ṣì ń dún lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ àwọn púlọ́ọ̀gì wò. Inú ihò jíjìn láàrin orí ẹ́ńjìnnì ni ti 504 wà. Ẹ fẹ́ ìdọ̀tí inú ihò náà dànù kí ẹ tó tú u, kó má baà já sínú sílíńdà. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ó dára. Bó bá funfun gbáú, epo kéré sí afẹ́fẹ́, irú iná bẹ́ẹ̀ sì ń gbóná jù: ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé lábẹ́ kábúrétọ̀. Bó bá dúdú bí èédú tó sì gbẹ, epo ti pọ̀ jù. Rédíétọ̀ tó ti dí àti èédú tó ti lẹ̀ mọ́ orí písítìnì náà máa ń fa ariwo kan náà.

Kíkú ọ̀sán, epo ń hó ni, bí a bá fojú inú wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ dán nǹkan méjì wò lójú ibi tó bá kú sí kí ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì: bí afẹ́fẹ́ bá wọlé fíìì, tí ọkọ̀ sì jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ihò kékeré tí táǹkì fi ń mí ló dí. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ wò bóyá iná ń ṣẹ́ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, kí ẹ sì ṣe é jìnnà sí epo. Bí kò bá sí iná, kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà tó ti gbó ló ń dákẹ́ nígbà tó bá gbóná. Bí iná bá wà, epo ló ń hó lóòótọ́.

Bẹntiróò kò dúró de 100 bí omi. Apá tó fúyẹ́ jù nínú rẹ̀ ti ń di oru kó tó dé 40 dìgírì. Nínú ooru oṣù kẹta, tí ìta gan-an bá ti kọjá 35 ní Ìlọrin, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó dúró sojú kan ní Ọ́fà Gáréèjì kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ara ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù 504 wà, fífà ló sì ń fa epo láti ẹ̀yìn bọ̀ níwájú. Epo tí à ń fà máa ń tètè hó ju epo tí à ń tì lọ. Oru á kún páìpù, pọ́ǹpù á máa fa òfo, kábúrétọ̀ á gbẹ. Ọkọ̀ ìgbàlódé bọ́ nínú èyí torí inú táǹkì ni pọ́ǹpù tirẹ̀ wà, tó ń ti epo bọ̀ pẹ̀lú agbára bíi bárù 3.

Lójú títì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fi àkísà tútù bo pọ́ǹpù àti páìpù irin rẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má da omi sórí ẹ́ńjìnnì. Nílé, ẹ wo ibi tí páìpù epo gbà kọjá: kò gbọdọ̀ súnmọ́ páìpù salẹ́ńsà tó ìka méjì. Ẹ gé páànù alumí fi ṣe ìgànnà láàrin wọn. Ẹ wo abẹ́ kábúrétọ̀ pẹ̀lú. Gásíkẹ́ẹ̀tì dúdú líle tó nípọn ló yẹ kó wà níbẹ̀ láti má jẹ́ kí ooru gòkè. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti sọ ọ́ nù, tí wọ́n fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀. Àbùkù kékeré yìí nìkan ti tó láti máa pa ọkọ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ pọ́ǹpù oníná, ẹ̀bá táǹkì ni kó wà, kí agbára rẹ̀ má ju bárù 0.2 sí 0.3 lọ. Pọ́ǹpù Camry tàbí Corolla tí wọ́n máa ń fi lọni á borí abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀, epo á kún àkúnya sórí ẹ́ńjìnnì, ilé ọkọ̀ á sì gbiná.

Àwọn àfikún tí wọ́n ní kí ẹ máa lò ńkọ́? Ọ́ìlì kì í dáàbò bo síìtì fáàfù. Ó ń rẹ òǹkà epo sílẹ̀, ó sì ń da èédú bo púlọ́ọ̀gì. Kẹrosíìnì burú jù, torí òǹkà tirẹ̀ rẹlẹ̀ gan-an, òun gan-an ló sì máa ń dá ariwo orí òkè sílẹ̀. Òótọ́ ni pé káńfọ̀ olóòórùn líle, èyí tí í ṣe náfítálíìnì, lè gbé òǹkà sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí epo bá ti gbẹ nínú kábúrétọ̀, ó máa ń padà di èérún funfun, á sì dí jẹ́ẹ̀tì. Káńfọ̀ mìíràn tó wà lọ́jà kì í tilẹ̀ ṣe náfítálíìnì, kílóríìnì ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń di ásíìdì bó bá jó. Bí ẹnìkan bá sì ní kí ẹ lọ wá epo bàálù ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ mọ̀ pé Jet A-1 tí àwọn bàálù ńlá ń mu, kẹrosíìnì tí wọ́n yọ́ dáadáa ni.

Ilé epo tí ọkọ̀ pọ̀ sí ni kí ẹ ti máa rà á, torí epo kì í pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá bá tánkà tó ń já epo lọ́wọ́, ẹ yà á lọ. Omi àti ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ti rú sókè. Epo inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì kò yẹ kábúrétọ̀ àtijọ́. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì yẹn ṣe jẹ́: epo pupa ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, bẹntiróò á fọ ọ̀rá tó kù lára rẹ̀ mọ́ra, jẹ́ẹ̀tì yín ni á sì tú u sí. Ẹ lè kán epo sórí bébà funfun: bẹntiróò gidi á gbẹ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú bébà á mọ́, kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì á fi àmì ọ̀rá sílẹ̀.

Ìdánwò ọtí náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù kejì 2022, epo tí mẹtanọ́ọ̀lù (irú ọtí olóró kan) inú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n wọ orílẹ̀-èdè yìí, àjọ NMDPRA tó ń bójú tó epo fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì bà jẹ́. Mẹtanọ́ọ̀lù ń jẹ rọ́bà àtijọ́ àti alumí. Ẹ wá ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara, ẹ da omi síbí kan sí i, ẹ fi rọ́bà ìdìwé sàmì sí ojú omi náà, kí ẹ da epo síbí mẹ́sàn-án lé e. Ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ojú omi bá padà sí ìlà rọ́bà, kò sí ọtí púpọ̀ nínú epo náà. Bó bá ga ju ìlà lọ, omi ti fa ọtí inú epo mọ́ra, ẹ má dà á sí 504.

Bí ẹ bá sì mọ̀ pé ẹ ó tún gbé e sílẹ̀ ju oṣù méjì lọ, epo tuntun ni kí ẹ fi kún táǹkì dé ọrùn, kí àyè má sí fún ìrì láti sun sí inú rẹ̀. Ẹ tú ọ́ọ̀sì epo kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù, kí ẹ dí ẹnu ọ́ọ̀sì náà pinpin, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Kábúrétọ̀ tó gbẹ kò ní ohun tó máa lẹ̀ mọ́ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀.